Oúnjẹ Òkè-Ògùn Tó Kọjá Àmàlà

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá sí ipò ipò fún wa: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹkùn Òkè-Ògùn wà lára àwọn tó di ọ̀rọ̀ yìí mú jù lọ. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Ìgbòho àti Kíṣí, iṣu àti èlùbọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kó jáde lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn àti sí Èkó. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ará òde bá ti jókòó ti àmàlà dúdú tó gbóná, tí gbẹ̀gìrì àti ewédú sì wà lórí rẹ̀, á rò pé òun ti mọ gbogbo ohun tó ń bẹ nínú ìkòkò Òkè-Ògùn.

Àmàlà yẹ fún gbogbo oríyìn tó ń gbà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá lè rìn jìnnà ló máa ń lókìkí. Èlùbọ́ gbẹ, ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dé ibi gbogbo tí ọmọ Yorùbá dé. Àwọn oúnjẹ mìíràn tí kò lè rìn, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò gbé rìn, jókòó sílé ní tiwọn, wọn kò sì lórúkọ lóde. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ yìn níbí. Àwọn ni mo gbà pé ó mọ ilẹ̀ Òkè-Ògùn jù: òjò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀, igi rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Tí a bá dárúkọ Japan, súṣì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ bá. Ṣùgbọ́n nínú ilé àwọn ará Japan, oúnjẹ àárọ̀ lè jẹ́ ìrẹsì funfun pẹ̀lú nattō, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí tó fi ń yọ̀, tó ń fà, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Wọ́n tún ní irú iṣu kan tí wọ́n máa ń rin ní tútù, tí wọ́n á dà á sórí ìrẹsì, tí wọn kò ní gbé e kaná rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àjọ UNESCO kọ ọ̀nà ìjẹun àwọn ará Japan mọ́ àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Lára ohun tí wọ́n yìn nínú rẹ̀ ni bí oúnjẹ wọn ṣe ń tẹ̀ lé ìgbà ọdún, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún ohun tí ilẹ̀ àti omi wọn ń mú jáde. Irú ojú bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí a fi wo ìkòkò ará Ìwéré-Ilé.

Ìwéré-Ilé ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwàjọ̀wà, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn. Oníwéré ni ọba ìlú náà. Apá ìwọ̀-oòrùn ẹkùn náà ló wà, kò sì jìnnà sí ibi tí Nàìjíríà ti bá ilẹ̀ Benin pààlà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni: koríko gíga, òkúta, àti igi tó fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, á sì máa dá ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Láti ìgbà náà lọ, ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ń fún ènìyàn lómi fún ìdajì ọdún, tó sì ń gbà á padà ní ìdajì kejì, ọgbọ́n méjì ló fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Èkíní ni kí wọ́n jẹ ohun tútù nígbà tó bá dé. Èkejì ni kí wọ́n mọ bí a ṣe ń sá a, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń bò ó, kí ó lè bá wọn dé ìgbà àìsí. Inú ọgbọ́n méjèèjì yìí ni gbogbo oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde.

Irú ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ọbẹ̀ kan tó nítumọ̀ ní Òkè-Ògùn tí kò sí irú nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin ni èso irúgbá máa ń gbó lórí igi. Ìyẹ̀fun tó yí kóró náà ká dùn, àwọn ọmọdé a sì máa lá a. Kóró náà ni àwọn ìyá ń wá. Ó le púpọ̀. Wọ́n á gbé e kaná láti ìrọ̀lẹ́ di ọjọ́ kejì, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ léraléra, wọ́n á tún un sè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé àti aṣọ bò ó pinpin fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ooru lè mú un. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kóró tó le ti rọ̀, ó ti ń yọ̀, gbogbo agbolé sì ti mọ̀ pé irú ti dé. Irú wooro wà fún ẹ̀fọ́. Irú pẹ̀tẹ̀ wà fún ewédú àti gbẹ̀gìrì.

Ohun tí ojú kò rí ló ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ aṣọ. Kòkòrò àìfojúrí kan ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis. Òun kan náà ló ń sọ sóyà di nattō ní Japan. Àwọn ìyá onírú Òkè-Ògùn kò bá àwọn ará Japan ṣe ìpàdé kankan, síbẹ̀ ọgbọ́n kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì rí: mú kóró tó le, sè é, bò ó, fún un ní ooru, kí o sì ní sùúrù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrẹsì ni wọ́n máa ń fi nattō jẹ lọ́hùn-ún, ọbẹ̀ ni a ń da irú sí lọ́dọ̀ wa.

Àjọṣe wa pẹ̀lú Japan tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kẹ́míkà ní Tokyo, ṣàwárí ìdí adùn tó wà nínú omi ewéko òkun tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nílùú wọn. Ó rí i pé glutamate ló ń fún un ní adùn náà. Ní ọdún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Ajinomoto, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń dáná ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Adùn yẹn gan-an wà nínú irú. Bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń tú purotéènì inú kóró náà palẹ̀ ni glutamate ń jáde. Ṣùgbọ́n adùn kan ṣoṣo ló wà nínú ike tàbí ọ̀rá tí a ń rà lọ́jà. Irú ní adùn, ó ní òórùn tirẹ̀, ó sì ní purotéènì àti ọ̀rá tó ń bọ́ ara. Ìyá tó bá da irú sí ọbẹ̀ ti fi oúnjẹ kún oúnjẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń mú èsúnsún jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá dá, wọ́n á máa fò wá síbi tí iná bá wà, àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà, ìyẹ́ wọn á bọ́, ara wọn á sì kù sínú omi. Ìyá kì í da epo sí i. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló fi ń yan nínú agbada, iyọ̀ díẹ̀ ló kù. Ó ń dún pẹ́pẹ́ lẹ́nu, ó sì ní adùn tó súnmọ́ ti ẹ̀pà. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà fún un nínú ọdún, ẹni tí kò bá sí nílé ní ọjọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀fọ́ yánrin máa ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ oko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbìn ín. Ilẹ̀ ló ń fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó ní ìkorò díẹ̀, kì í ṣe irú ti ewúro tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ títí. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú ata tí wọ́n ti fi epo pupa sè, wọ́n á fi ègúsí àti irú wooro sí i. Ègúsí kò wọ́n wọn, nítorí pé ìtàkùn bàrà máa ń bo ilẹ̀ oko Òkè-Ògùn. Yánrin àti iyán jọ máa ń bára mu: iyán kúnná, ó ń dùn jẹ́jẹ́, yánrin sì ń fi ìkorò rẹ̀ pe ọbẹ̀ náà sọ́nà ọ̀fun.

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, èso igi òrí á máa já bọ́. Ará ọ̀dàn mọ̀ pé ẹran ara èso náà dùn ún jẹ. Kóró inú rẹ̀ ni wọ́n á sè, tí wọ́n á sá, tí wọ́n á pa, tí wọ́n á yan, tí wọ́n á lọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ po ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ara ọmọ ìkókó àti ojú egbò ni a mọ òrí mọ́. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ọ̀pẹ kò ti pọ̀ bíi ti igbó, òrí jẹ́ epo ọbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀wà tí a fi òrí sí nígbà tó bá jinná tán ń rọ̀ lẹ́nu, kò sì wúwo níkùn. Kòkòrò kan tún wà tó ń jẹ ewé igi náà lásìkò òjò. Ní àwọn ọjà Kwara àti ìlú ọ̀dàn mìíràn, wọ́n máa ń tà á ní gbígbẹ, wọ́n sì ń sè é sínú ọbẹ̀ dípò ẹran.

Irúgbá àti òrí ti gba òkìkí lọ́dọ̀ àwọn ará ìta láti ọjọ́ pípẹ́. Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó rìn dé etí odò Ọya ní ọdún 1796, kọ̀wé nípa igi òrí àti ọ̀rá rẹ̀. Ní ọdún 1826, Robert Brown, onímọ̀ ewéko, fi orúkọ Park sọ ẹ̀yà irúgbá, ó pè é ní Parkia. Orúkọ Park wà lára orúkọ tí wọ́n ń pe òrí pẹ̀lú fún ìgbà pípẹ́. Bùsà, ní ilẹ̀ Bọ̀rọ̀gú, ni Park ti kú ní ọdún 1806, àárín ilẹ̀ tí igi méjèèjì wọ̀nyí ti pọ̀. Àwọn ìyá wa ti ń fi wọ́n dáná kí ìwé kankan tó dárúkọ wọn.

Òjò náà ni ìgbà wàrà. Koríko tútù pọ̀, màlúù ń yó, wàrà ń pọ̀ nínú gáà àwọn Fúlàní. Wọ́n á gbé wàrà tútù kaná, wọ́n á gún ewé àti igi bọmúbọmú, wọ́n á fi omi rẹ̀ sí i. Láìpẹ́, wàrà á dì, omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀, wọ́n á kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí ó lè ro. Ọpọ́n wàrà tó wà lórí ìyá Fúlàní láàárọ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn mọ̀. Ẹlòmíràn á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀. Ẹlòmíràn á gé e, á dín in kí ìta rẹ̀ lè pọ́n. Ẹlòmíràn á jù ú sínú ọbẹ̀ ata kí ó lè mu ata. Kì í yọ́ bó ti wù kí iná pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dúró gbọn-in láàárín ọbẹ̀. Ní Benin, wọ́n ń fi póròpórò ọkà bàbà pa á láró kí ìta rẹ̀ lè pupa. Wàrà nìkan ti tó láti fi hàn pé ìkòkò Òkè-Ògùn kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo: Fúlàní ló ṣe é, Yorùbá ló da ata sí i, ọmọ àwọn méjèèjì sì ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí àgbàdo tútù bá dé, àbàrí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á rẹ́ ẹ kúrò lára ṣúkù, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, wọ́n á fi epo díẹ̀ sí i, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n á sè é bíi mọ́ínmọ́ín. Kò nílò ọbẹ̀. Adùn àgbàdo tútù àti òórùn ewé ti tó o.

Bí òjò bá dá tán, ìkórè ọkà bàbà ló kàn. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí a ń jẹ lónìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá bá wa lẹ́yìn ọdún 1500. Ọkà bàbà ní tirẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ló bí i, ó sì ti wà nínú oko ará ọ̀dàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Tí òjò bá ṣẹ́ láàárín oko, àgbàdo lè kú. Ọkà bàbà á dúró láìdàgbà, á máa retí, tí òjò bá padà dé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ro ọkà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó gbà pé kí ọwọ́ mú omorogùn dáadáa, nítorí pé tí ẹni tó ń rò ó bá sùn lórí rẹ̀, á dì kókó. Ó dúró pẹ́ níkùn. Àgbẹ̀ tó bá jẹ ẹ́ láàárọ̀ kò ní bèèrè oúnjẹ títí oòrùn fi yẹ̀. Ògì bàbà náà wà, tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́. Ẹ̀kọ rẹ̀ kò funfun, ó kan díẹ̀, àkàrà gbígbóná sì ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Lákòókò kan náà ni ìṣápá máa ń ṣe tán lóko. Ẹbí kan náà ni òun àti èyí pupa tí a fi ń ṣe sóbò, ṣùgbọ́n ìṣápá tí a ń sè lọ́bẹ̀ kò pupa. Ó kan gan-an. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọn kò sì ní jẹ́ kí kíkan rẹ̀ lọ tán pátápátá. Ègúsí á wọ inú ìkòkò, epo pupa, ata, irú, ẹja gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni ìṣápá á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ń sọ yìí, ìṣápá ni n ó mú. Ègúsí ń fẹ́ kún ẹnu, ìṣápá ń fi kíkan rẹ̀ gé ọ̀rá náà, irú wà lábẹ́ tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò sí ọbẹ̀ ilẹ̀ wa tí mo mọ̀ tí ohun tó ń ta ko ara wọn ti fi bẹ́ẹ̀ wà ní ìrẹ́pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú tán, ẹ̀fọ́ tútù di ohun ọ̀wọ́n. Ìgbà yìí ni ọgbọ́n kejì ilẹ̀ ọ̀dàn ń hàn. Ilá tí wọ́n ti rẹ́, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n gún, tí wọ́n kù, ti di orúnlá nínú àdó tàbí ike. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á fi irú àti kaún díẹ̀ sí i, wọ́n á bu orúnlá wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ìjábẹ̀ jà á. Ó ń fà bíi ti ilá tútù, àmọ́ oòrùn ti fi adùn mìíràn kún un, adùn tó jinlẹ̀ ju ti tútù lọ. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn tó wà lápá àríwá, wọ́n tún ní lúrú, èyí tí wọ́n fi ewé igi osè gbígbẹ ṣe. Ó dúdú sí àwọ̀ ewé, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ̀ wọ ọ̀fun pẹ̀lú ọkà bàbà láìsí wàhálà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ jù ni ọbẹ̀ wọn máa ń yọ̀ jù.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni àkókò àwọn oúnjẹ tó nílò sùúrù. Òtílí jẹ́ ẹ̀wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò mọ̀ mọ́. Ó pẹ́ lórí iná ju ẹ̀wà mìíràn lọ, ó sì ń fẹ́ igi ìdáná púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jinná, tí a fi epo, ata àti àlùbọ́sà sí i, adùn rẹ̀ kún ẹnu. Ó tún ń ṣe ilẹ̀ lóore, gbòǹgbò rẹ̀ ń dá ọ̀rá padà sí oko. Ègbo náà wà, àgbàdo gbígbẹ tí a ti bó èèpo rẹ̀, tí a sè títí tó fi tú, tí a bu ẹ̀wà àti ata sí lórí. Èkuru ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀wà bíbó tí a lọ̀, tí a pò, tí a sè nínú ewé láìsí epo tàbí ata. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ sínú ata díndín ni ó ń di oúnjẹ. Fún ìpanu, róbó wà: wọ́n á lọ ègúsí, wọ́n á fún òróró rẹ̀, wọ́n á po èyí tó kù pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú òróró ara rẹ̀ títí á fi le.

Tí a bá kọjá ẹnubodè, a ó rí i pé èlùbọ́ gan-an ní ìgbésí ayé mìíràn. Ní Parakou àti káàkiri àríwá Benin, títí dé Togo, wọ́n ń bu omi wọ́n èlùbọ́ iṣu, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i di wóro kéékèèké, wọ́n sì ń fi ooru omi sè é. Wassa-wassa ni wọ́n ń pè é, ata àti òróró ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ìyẹ̀fun kan náà tó ń di àmàlà ní Ìwéré-Ilé ló ń di wóro lọ́hùn-ún, ibi méjèèjì sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn kan ṣoṣo tí àwọn òyìnbó fa ìlà sí láàárín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé oúnjẹ àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé ayé ti kọjá rẹ̀. Kí wọ́n wo ewédú. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Japan mú ewé yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì, wọ́n ń pè é ní moroheiya, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín fún ìlera. Ewé tí ọmọ wa lè máa tijú láti jẹ níwájú àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó gidi rà á. Ìtijú wa nípa irú, lúrú àti òtílí kò ní ìpìlẹ̀ kankan.

Ewu tó dojú kọ àwọn oúnjẹ wọ̀nyí kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ahọ́n nìkan wá. Òkè-Ògùn jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń sun èédú jù ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, irúgbá àti òrí sì wà lára igi tí wọ́n ń gé sun. Igi òrí lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Ẹni tó bá gé e lónìí fún àpò èédú mélòó kan ti gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí wọn kò tíì bí. Àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe irú báyìí, ó sì dára kí ọ̀nà mìíràn wà. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ adùn irú irúgbá yóò fẹ́ kí igi náà wà.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú wa kò le láti sọ. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko tuntun ní Ìwéré-Ilé, Ìgànná tàbí Tẹdé, kí ó dá irúgbá àti òrí sí láàárín oko rẹ̀, bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe. Ìyá olóúnjẹ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kí ó gbé ìkòkò ìṣápá tàbí orúnlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewédú, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀ sókè fún oníbàárà. Ẹni tí àlejò bá dé sílé rẹ̀ ní ìgbà òjò, kí ó fi wàrà àti yánrin ṣe é lálejò. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kí ó ro ọkà bàbà fún un. Ọmọ tó bá sì ní ìyá àgbà tó ṣì mọ irú ṣe, kí ó lọ jókòó tì í nígbà tí èso irúgbá bá ń gbó, kí ó ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ìwé kankan kò lè kọ́ ọ tán.